Àgbàdo Tí Mo Dà Padà

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ń ṣe ìjẹ tí mò ń fi sẹ́nu ìwọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìgbéraga mi wà, ibẹ̀ náà ló sì ti wá ń tì mí lójú.

Àwọn tó kù ní Ajégúnlẹ̀ wa yìí, níbi tí odò Ògùn ti wà lẹ́yìnkùlé wa, ekòló ni wọ́n máa ń fi dẹ ẹja. Wọn á gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, wọn á kó ekòló sínú agolo mílíìkì, wọn á ní àwọn ń lọ sódò. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹja tó bá tóbi, ẹpìyà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kì í wá ekòló kiri. Bàbá mi tó kọ́ mi kò fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀ rí títí ó fi kú. Àgbàdo funfun ni. Ẹ ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ ò ní pààrọ̀ omi rẹ̀, kí ó lè kan dáadáa. Ẹ ó wá po irú mọ́ ọn, irú tó ti rà díẹ̀ ló dára jù, pẹ̀lú edé gbígbẹ tí ẹ ti lọ̀ kúnná. Ẹ ó dé e títí di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sódò, ẹ ó gbé e kaná díẹ̀ kó lè rọ̀ fún ìwọ̀ láti gún, ṣùgbọ́n kó má rọ̀ jù, kí omi má baà gbà á kúrò lẹ́nu ìwọ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ da ìkúnwọ́ méjì sójú omi kí àwọn ẹja lè kóra jọ, kí ẹ tó ju ìwọ̀.

Páàtì mọ́tò ni mò ń tà ní Owódé Onírin láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ odò mi. Orúkọ mi ni Mutolib, ṣùgbọ́n Bàbá Labeebah ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, tó ti wà nílé ọkọ ní Ìkòròdú.

Ìyàwó mi, Hùmúàní, náà ń rẹ àgbàdo. Ògì ni tiẹ̀. Nítorí náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì àgbàdo méjì ló máa ń wà lẹ́yìn ilé wa. Tiẹ̀ funfun, ó mọ́, ó ní ìdérí. Tèmi jẹ́ ike ọ̀dà tí ọwọ́ rẹ̀ ti já. Òfin ilé wa ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn. Ó to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sáàárín wọn, ó ní òórùn irú tèmi lè bá tòun.

Mo ní, “Ìyá Labeebah, òórùn ò ní ẹsẹ̀.”

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ pé ó ní.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ògì yẹn jẹ́ fún un. Ìyá rẹ̀ ló ń se ẹ̀kọ ìṣínu fún mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa nígbà ayé rẹ̀, sàráà ni, kì í gba nǹkan kan. Nígbà tí ìyá náà kú, Alhaja Ajarat, olórí àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé wa, ó ní Hùmúàní ni kó gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́wàá. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìyàwó mi fi ń yangàn láyé, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ọmọ wa tó gboyè. Ẹ̀kọ yẹn ni. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ààwẹ̀ ló ti máa ń lọ yẹ àgbàdo wò ní Máìlì Tuẹ́lìfù, á máa fi eyín họ ọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ṣínu tán tí wọ́n ní “Àlùbáríkà, Ìyá Labeebah,” á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí láti ẹ̀yìn kọ́tìnì ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí.

Ààwẹ̀ tó kọjá yìí ni mo fọwọ́ ara mi ba nǹkan yẹn jẹ́.

Ládé, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi ní Owódé, ló ti ń gbọ́ ẹnu mi lórí ẹja láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ Túsìdè ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, talk is cheap o. Ẹ mú mi lọ ká rí i.” Mo ní kó wá bá mi láàárọ̀ Sátidé. Mo ní ọwọ́ á máa ro ó láti gbé ẹja wálé. Ó yẹ kí n rẹ àgbàdo lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n mo sùn lọ lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀rọ̀ náà sì fò mí lórí pátápátá. Fúráìdè, lẹ́yìn tí a kírun Jímọ̀ tán, ni Ládé pè mí lórí fóònù pé òun ti ra fìlà oòrùn. Ara mi gbóná.

Mo sáré délé. Ìyàwó mi ti lọ sí Máìlì Tuẹ́lìfù. Ike ọ̀dà mi wà níbẹ̀, ó gbẹ táútáú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ wà níbẹ̀, ó kún, láti ọjọ́ Túsìdè ló ti rẹ ẹ́ fún ògì tó máa lọ̀ ní Sátidé. Àgbàdo tó ti pé ọjọ́ mẹ́ta nínú omi, tó ti kan bó ṣe yẹ kó kan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo bu kóńgò méjì nínú rẹ̀ sínú ike tèmi, mo po irú àti edé mọ́ ọn, mo dé e. Mo sọ fún ara mi pé kóńgò méjì ò tó nǹkan. Mi ò jẹ́ kí ọkàn mi dé ibi pé àgbàdo sàráà ni mò ń jí fún ẹja.

Láàárọ̀ Sátidé, kí n tó gbé ìjẹ kaná, èmi àti Ládé kọ́kọ́ lọ yọjú wo odò. Kò sí odò láti wò. Ewé tó máa ń léfòó lórí omi ti ṣàn wá lóru, ó bo gbogbo ojú omi láti etí kan dé èkejì, ẹyẹ funfun kan tiẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìwọ̀ tí ẹ bá jù síbẹ̀, orí ewé ló máa jókòó sí. Ládé bọ́ fìlà oòrùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, no wahala, another day,” ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo padà délé, Hùmúàní dúró ti bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Labeebah, ó dà bíi pé àgbàdo yìí dín.”

Mo ní, “Omi ló fà.”

“Omi fà, àgbàdo náà fà?”

Ó ṣe hùn-ún, ó fa imú rẹ̀ tí ọ̀fìnkìn ti dí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ ra atalẹ̀ àti kànáfùrù tí òun máa lọ̀ mọ́ ọn, tí òun bá dé, òun máa wọ̀n ọ́n kí òun mọ̀. Bó ṣe yà síta báyìí, jìnnìjìnnì bò mí. Kóńgò ni obìnrin yìí fi ń wọn nǹkan, kì í ṣe ojú. Ẹni tó bá sì wà nílé tó lè bu àgbàdo, ẹnìkan ṣoṣo náà ni.

Ẹ wo ohun tí àgbàlagbà ṣe. Mo gbé ike ọ̀dà mi, mo da omi rẹ̀ nù, mo fọ àgbàdo náà. Mo tún un fọ̀. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo gbé e símú, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Imú ẹni tó ti ń po irú mọ́ àgbàdo láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ni ó fẹ́ gbọ́? Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, mi ò lè tọ́ ọ wò. Mo dà á padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìyàwó mi, mo fi ọwọ́ rò ó pọ̀, mo dé e. Nígbà tó dé tó wọ̀n ọ́n, ó pé. Ó ní, “Ẹ má bínú, ààwẹ̀ ló ń pa mí lójú.” Ó bẹ̀ mí. Mo sì gbà.

Ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó jẹ́ kí ó tòrò. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó sè é níbẹ̀ nínú ìkòkò ńlá. Irú tó bá tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Nígbà tí iná bá dé abẹ́ rẹ̀ ló máa ń rùn, imú ìyàwó mi sì ṣì dí.

A fi dàbínù ṣínu. Wọ́n wá ń gbé ẹ̀kọ kiri nínú kọ́ọ̀bù. Bàbá àgbàlagbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé e mu lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá a dúró lẹ́nu, kò gbé e mì, kò tu ú. Èmi náà mu tèmi. Edé ló kọ́kọ́ kàn mí láhọ́n, irú tẹ̀ lé e. Mi ò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Ìjẹ mi ni.

Alhaja Ajarat jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, kọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló gbọ́.

“Hùmúàní, kí lo bù sínú ẹ̀kọ yìí?”

“Alhaja, ògì ni, atalẹ̀ ni, kànáfùrù ni.”

“Irú wà nínú ẹ̀. Edé wà nínú ẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ lo fi rẹ àgbàdo ni?”

“Alhaja, mo fi Àlùkùráánì búra, mi ò bu nǹkan kan sí i.”

Obìnrin kan tí mi ò rí ojú rẹ̀ sọ láti ẹ̀yìn pé, “Ó ti sú u ni. Ẹ̀gbin lásán.” Ẹlòmíì ní ẹni tó máa búra nínú oṣù yìí, kó rọra. Wọ́n gbé ìkòkò náà jáde, ọkùnrin méjì dì í mú, wọ́n da ẹ̀kọ náà sínú gọ́tà níṣojú rẹ̀. Ìyàwó mi dúró pẹ̀lú ṣíbí ìrokà lọ́wọ́. Ó ń wo ojú gbogbo èèyàn bíi pé ẹnìkan nínú wọn máa sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wo tèmi náà. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹjú mọ́ kọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀sín yẹn, òun ni wọ́n fi kàn, èmi tó ni í kò kú.

Lọ́jọ́ kejì, Hùmúàní ní inú àgbàdo ni òórùn náà ti wá, ọkọ̀ tó kó àgbàdo yẹn wá látòkè gbọ́dọ̀ ti kó edé rí. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Máìlì Tuẹ́lìfù, sọ́dọ̀ Shittu tó tà á fún un. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ máa bi mí léèrè ohun tó gbé mi lọ. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí mi ò bá lọ, á fura.

Shittu ṣí àpò níwájú wa. Ó bu ìkúnwọ́ kan. “Aunty, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Ọdún mélòó lẹ ti ń ra ọjà lọ́wọ́ mi?”

Àgbàdo yẹn mọ́, ó dára, ó ń dán. Hùmúàní gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Kí ó tó sọ pé kò rùn, èmi, èmi Mutolib, la ẹnu mi, mo ní, “Ẹ̀yin oníṣòwò yìí, ẹ ò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ ti bà á lórúkọ jẹ́.” Àwọn aláàárù dúró láti wò wá. Shittu wò mí títí. Ó ní, “Daddy, ààwẹ̀ la wà. Mi ò ní bá yín fa ọ̀rọ̀.” Ó wọn kóńgò kan, ó rọ ọ́ sínú báàgì ìyàwó mi, ó ní kó fi ṣe sàráà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì lè padà lọ bá ọkùnrin yẹn. Mo máa ń gba ọ̀nà míì tí mo bá ń kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Alhaja Ajarat ránṣẹ́ pé kí Hùmúàní lọ sinmi, Hàlímátù, ìyàwó onílé tó wà ní ojúde mọ́ṣáláṣí, á máa bá wọn se ẹ̀kọ títí ààwẹ̀ á fi parí. Ìyàwó mi ní “Ẹ bá mi kí Alhaja,” ó sì wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, kò lọ ṣínu ní mọ́ṣáláṣí mọ́. Á jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, á fi búrẹ́dì àti omi ṣínu, á ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú gbóòórùn òun.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Tèmi ò lè rìn tó ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Tọ́sìdè, mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń ya aṣọ asẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, èyí tó fi ń sẹ́ ògì. Ó ń fà á ya díẹ̀díẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ pé aṣọ náà ló ti gbó tó ń rùn, tí imú òun ò sì gbọ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo sọ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí Ládé, mo sọ ti kóńgò méjì, mo sọ ti ewé ojú omi, mo sọ bí mo ṣe dà á padà.

Ó di aṣọ náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, kò yà á mọ́.

Ó ní, “Ẹ fọ̀ ọ́?”

“Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.”

“Lẹ́ẹ̀mẹ́ta.” Ó tún un sọ ní ohùn ìsàlẹ̀. “Ẹ sì tẹ̀ lé mi lọ bú Shittu.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè bẹ̀ ẹ́. Mo kàn ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Kì í ṣe èmi lẹ máa sọ ọ́ fún. Èmi mọ̀ pé mi ò ṣe é.”

Ó tọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó tẹ̀ lé mi, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ. Lẹ́yìn tí a fi dàbínù ṣínu, kí wọ́n tó gbé ẹ̀kọ Hàlímátù jáde, mo dìde, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Alfa. Mo ti múra sílẹ̀ kí wọ́n tutọ́ sí mi lára. Mo ní èmi ni mo jí àgbàdo sàráà, tí mo fi ṣe ìjẹ ẹja, tí mo sì tún dà á padà. Mo ní Hùmúàní kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, òótọ́ ló fi búra.

Bàbá àgbàlagbà tó jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọlọ́run mi, àṣé ìwọ̀ nìkan ló kù tí a ò gbé mì.”

Ni ẹ̀rín bá bẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹlòmíì fi dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ẹnìkan ní òun ti ń ṣe kàyééfì ìdí tí odò fi ń wu òun láti ọjọ́ náà. Alfa pàápàá fi etí agbádá nu omi ojú rẹ̀, ó ní ẹni tó bá jẹ́wọ́, Ọlọ́run á dárí jì í, kí n jókòó. Wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn. Wọ́n pè mí ní Bàbá Ìjẹ. Àyà mi fúyẹ́, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo ní, “Alhaja, ṣé Ìyá Labeebah lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ báyìí?”

Alhaja Ajarat náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá Labeebah, ẹ ò ní pa wá. Ṣùgbọ́n Hàlímátù ti rẹ àgbàdo sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àti pé, ká sòótọ́, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún ilé Ọlọ́run, ó yẹ kó mọ ohun tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀.”

Àwọn kan mi orí pé òótọ́ ni. Wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, a mu ún. Ó dùn.

A jọ ń rìn bọ̀ wálé, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Ara mi ti yá. Mo ní, “Mo ti sọ fún wọn o. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yẹn sọ? Ó ní ìwọ̀ nìkan ló kù tí àwọn ò gbé mì.”

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀. Kò bínú, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Ó ní, “Mo gbọ́. Gbogbo yín lẹ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí wọ́n rò pé èmi ni, ẹnìkankan ò rẹ́rìn-ín.”

Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Ẹ̀rín tí mo gbé bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí ṣì wà lẹ́nu mi, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé e sí.